Kí Onílé Tó Gbọ́ Lẹ́nu Ẹlòmíràn

Omi ò yọ láti àárọ̀. O ṣí ẹ̀rọ orí bésìn, ó hó díẹ̀, ó dákẹ́. O fi garawa omi kan tó kù nílé wẹ̀, o wọṣọ, o sáré jáde lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ yẹn, o ò rántí tì í padà. Nígbà tó di ọ̀sán, iná dé, kiatékà tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, tánkì kún, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Kí o tó dé nírọ̀lẹ́, omi ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì ti mu omi yó, ará ìsàlẹ̀ sì ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ síta nítorí pé àjà ilé rẹ̀ ti rọ̀ wálẹ̀ bí àpò gààrí.

Ẹni tó bá ti gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí ní Èkó tàbí Ìbàdàn mọ ìtàn yìí, bí kò bá ṣẹlẹ̀ sí i, ó ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Òun ni mo mú fún orí yìí nítorí pé kò sí ẹni tó lè ní ayálégbé náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kò sì sí ẹni tó lè ní kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Àárín méjèèjì yẹn ni ọ̀pọ̀ ìjàǹbá inú ilé máa ń bọ́ sí: táìsì tí odó já lé, ìṣó tẹlifíṣọ̀n tó lọ gún wáyà nínú ògiri, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jóná nítorí pé wọ́n ki kẹ́tùlù àti áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó bàjẹ́ ní iye owó tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ nípa rẹ̀ ló máa sọ bóyá owó yẹn nìkan ni wàá san.

Wákàtí àkọ́kọ́

Má tíì ro ohun tí o máa sọ. Ti omi ná, láti ìdí tánkì bí ti inú ilé kò bá ṣe é tì. Bó bá jẹ́ iná ló ń ta pàràpàrà, pa á níbi ṣéńjóófà bí ọwọ́ rẹ àti ibi tí o dúró sí bá gbẹ. Bí ilẹ̀ bá tutù, jáde, kí o pe ẹni tó mọṣẹ́ iná. Bó bá jẹ́ gáàsì ni o ń gbóòórùn, má tan nǹkan kan, má pa nǹkan kan, ṣí ilẹ̀kùn kí o sì kó àwọn èèyàn jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ya fọ́tò kí o tó fi aṣọ ìnulẹ̀ kan ilẹ̀. Kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o ya gbogbo yàrá, lẹ́yìn náà kí o sún mọ́ ibi tó bàjẹ́ gan-an. Fóònù á fi ọjọ́ àti àkókò pamọ́ fún ọ. Bí ihò tó yẹ kí omi gbà jáde nílẹ̀ ilé ìwẹ̀ bá ti dí kí o tó kó wọlé, ya ìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Wàyí o, ará ìsàlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ bẹ̀. Onílé kọ́. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ wà lọ́dọ̀ onílé nítorí pé òun ló lè ní kí o kó jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà níta ni fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá jókòó sókè tí o ń to ọ̀rọ̀ kó lè dùn létí, òun ò ní dúró dè ọ́. Yóò pe onílé, yóò sì ní, “Ẹni tí ẹ gbà sókè yẹn fẹ́ fi omi pa wá.” Gbólóhùn yẹn bá ti ṣáájú, àwíjàre ni gbogbo ohun tí o bá sọ lẹ́yìn rẹ̀. Sọ̀kalẹ̀ lọ, bẹ̀ ẹ́, bá a gbé bẹ́ẹ̀dì, bá a gbá omi. Sọ fún un pé o ń lọ sọ fún onílé báyìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á jẹ́ kí o lọ sọ ọ́ fúnra rẹ.

“Ó fọ́” àti “mo fọ́ ọ”

Èdè Yorùbá láàánú ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́. Abọ́ fọ́. Abọ́ bọ́. Abọ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ṣèèṣì fọ́ abọ́. Mo fọ́ abọ́. Àtẹ̀gùn ni: bí o ṣe ń gùn ún ni o ń sún mọ́ ohun tí o ṣe. Onílé tó ti ń gba ayálégbé láti ogún ọdún mọ àtẹ̀gùn yìí ju olùkọ́ èdè lọ, ibi tí o bá dúró sí lórí rẹ̀ ló sì ń fetí sí, kì í ṣe ẹkún rẹ.

Bí o bá lọ sọ pé, “Sà, àjà ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́,” ìbéèrè tó kàn ni, “Ta ló bà á jẹ́?” Láti ibẹ̀ lọ, ìwọ ni wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, gbogbo ìdáhùn rẹ ni yóò sì dà bí ohun tí wọ́n fi ipá fà yọ. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ pé, “Mo gbàgbé ẹ̀rọ ní ṣíṣí,” kò sí ohun tí wọ́n tún ń wá lẹ́nu rẹ mọ́. Ìbéèrè tó kù ni báwo lẹ ṣe máa tún un ṣe.

Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn kan gbọ́ òwe yìí bí ẹni pé ó ní ká gba gbogbo ẹ̀bi tí wọ́n bá gbé wá. Ẹjọ́ rẹ̀ ni òwe wí. Kò wí pé ẹjọ́ gbogbo ilé. Ẹ̀rọ tí o gbàgbé, tìrẹ ni. Ihò omi tó ti dí kí o tó dé, tí o sì ti sọ fún kiatékà, kì í ṣe tìrẹ. Àjà tí omi òjò ti ń kán sí láti ọdún mẹ́ta, kì í ṣe tìrẹ. Sọ tìrẹ tán pátápátá, dúró díẹ̀, kí o tó mẹ́nu kan èkejì, má sì fi “ṣùgbọ́n” so wọ́n pọ̀. “Mo gbàgbé ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ihò omi yín ti dí” ń dún bí ẹ̀sùn. “Mo gbàgbé ẹ̀rọ. Nígbà tí mo ń gbá omi, mo rí i pé kò ráyè lọ nítorí pé ihò yẹn ṣì dí” ń dún bí ẹni tó ń wá bí ọ̀rọ̀ ṣe máa tán.

Àwọn mẹ́ta kan wà tí ẹ̀bi máa ń sá tọ̀ lọ. Ọmọ ni àkọ́kọ́. “Ọmọ ló fọ́ ọ, sà.” Onílé á bi ọ́ pé ọmọ ta ni. Èkejì ni iná ọba: iná tó dé nígbà tí a ò retí rẹ̀ kò ṣẹ̀ wá, àdúrà wa ló gbà. Ẹ̀kẹta ni “iṣẹ́ èṣù ni.” Ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn Èṣù ti pọ̀ tó, káfíńtà ò sì ní gba owó páálí àjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí aṣọ ìnura bò

Kí n sọ tèmi. Nígbà kan tí mo ń gbé ní Ìbàdàn, ìgò lọ́fínńdà já lé bésìn ilé ìwẹ̀ mi, ó sì là láti ẹnu dé ìdí. Mo ra gọ́ọ̀mù, mo po sìmẹ́ńtì funfun mọ́ ọn, mo sì ta aṣọ ìnura sí ẹnu bésìn kó lè bo ojú ibẹ̀. Ọdún méjì ni aṣọ ìnura yẹn fi wà níbẹ̀. Bí àlejò bá fọwọ́, mo máa ń dúró tì í. Púlọ́ńbà wá tún páìpù ṣe lẹ́ẹ̀kan, mo dúró ti òun náà, mo ń bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kó má baà wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Ọjọ́ tí mo ń kó jáde, ìyá onílé wá wo ilé. Àgbà obìnrin ni, ó rọra ń rìn láti yàrá dé yàrá. Ó dé ilé ìwẹ̀, ó ká aṣọ ìnura náà, ó ṣẹ́ ẹ po dáadáa, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. “Púlọ́ńbà ti sọ fún mi láti èṣí,” ó ní. “Mo ń wò ọ́ ni.” Owó bésìn jáde nínú owó kọ́ṣọ̀n mi. Nígbà tí ẹni tó ni ilé tí mo fẹ́ kó lọ pè é láti béèrè irú èèyàn tí mo jẹ́, mi ò mọ ohun tó sọ, mi ò sì ní ojú láti bi í.

Ohun tó ń bàjẹ́ sí i ni ó burú jù láti fi pamọ́. Bésìn tó là lè má là jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó ń jò sínú ògiri ń ba ògiri jẹ́ lójoojúmọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dúdú sì lè jó ilé. Ohun tí ì bá jẹ́ ìjàǹbá lọ́jọ́ kìíní ti di àìbìkítà ní oṣù kẹta, ìyẹn sì ni wọ́n máa fi orúkọ rẹ pè.

Bí onílé bá ń gbé nínú ọgbà

Fẹsẹ̀ rẹ lọ. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tìrẹ, a kì í fi WhatsApp sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún un. Bí omi bá ṣì ń dà, kò sí àkókò tí kò dára, òru pàápàá. Bí o bá ti tì í, jẹ́ kí bàbá jẹun tán. Bó bá ní àlejò, padà lọ, kí o tún wá: onílé tó wà níwájú àlejò gbọ́dọ̀ ṣe bí onílé.

Kí i bí o ṣe máa ń kí i. Bí o kì í bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja tẹ́lẹ̀, tí o wá na gbogbo ara sílẹ̀ lónìí, àyà rẹ̀ á já, yóò rò pé ilé ti jóná. Má sì kó abẹ̀bẹ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó lọ gbé pásítọ̀ àti alága àdúgbò dání nítorí páálí àjà ti sọ páálí di ẹjọ́ ìdílé. Àwọn wọ̀nyẹn wà fún ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ́. Nígbà yẹn, wọ́n wúlò gan-an.

Ohun tí mo lè sọ bó bá jẹ́ èmi nìyí:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Dádì. Ọ̀rọ̀ kan wà, sà, kò dára, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Omi ò sí láàárọ̀, mo ṣí ẹ̀rọ, mo gbàgbé láti tì í kí n tó jáde. Omi dé nígbà tí mi ò sí nílé, ó sì kán sí ilé Ìyá Ìbejì nísàlẹ̀. Páálí mẹ́ta ló rọ̀ wálẹ̀ nínú àjà wọn. Mo ti ti omi, mo ti gbá ilẹ̀, mo ti lọ bẹ̀ wọ́n. Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ ká pe káfíńtà kó wá wò ó lọ́la, kó sọ ohun tó máa gbà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú.”

Wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ìtàn owó oṣù tí wọn ò tíì san. Kò sí “omi díẹ̀ ni.” Kò sì sí “màá san gbogbo ẹ̀,” èyí tí ẹ̀rù máa ń mú ká sọ. O ò tíì mọ ohun tó wà lókè àjà yẹn. Bó bá jẹ́ pé wáyà ibẹ̀ ti jẹrà láti ọjọ́ pípẹ́, o ti fi ẹnu rẹ ra á. “Ohun tó bá jẹ́ tèmi níbẹ̀, màá ṣe é” tó.

Yóò bínú. Jẹ́ kó bínú tán. Ó ṣeé ṣe kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, jẹnẹrétọ̀ tí o ń tàn dòru, owó ilé tó pẹ́ lọ́dún tó kọjá. Má dá a lóhùn lórí ìyẹn, má sì gbà á. “Mo gbọ́ yín, sà. Ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn lọ́tọ̀, ká parí ti àjà ná.” Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, èyí tí o ń sọ bí o ṣe ń yẹ fóònù wò, akọ ni. Nígbà tí o bá délé, fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ sí i: ẹ ṣeun, sà, bí a ṣe sọ ọ́, káfíńtà ń bọ̀ lọ́la aago mẹ́wàá. Inú ìbínú ni ẹ ti sọ̀rọ̀, ìbínú kì í sì í jẹ́ ká rántí bákan náà.

Bí onílé bá wà lókè òkun

Onílé tó wà ní London tàbí Houston ò rí ilé rẹ̀. Ohun tó ń rí ni fóònù, ẹ̀rù tó sì ń bà á ju tẹni tó ń gbé nínú ọgbà lọ, nítorí pé ó ti gbọ́ oríṣiríṣi lẹ́nu kiatékà. Sọ fún kiatékà tàbí éjẹ́ǹtì, ẹnikẹ́ni tí àgírímẹ́ǹtì bá dárúkọ pé kí o máa sọ fún. Bí o bá ní nọ́ńbà onílé, kọ̀wé sí òun náà lọ́jọ́ kan náà. Ìròyìn tó gba ẹnu méjì kọjá kì í dé bó ṣe kúrò.

Kọ ọ́, má gbohùn rẹ sílẹ̀. Ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún tó kún fún “ẹ jọ̀ọ́ mà,” kò ní lè gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, kò sì ní rí i mọ́ nígbà tó bá fẹ́ wá a. Rántí pẹ̀lú pé bí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá lù l’Ékòó, òru ni wọ́n wà ní Houston. Àtẹ̀jíṣẹ́ á dúró dè é, ìpè fóònù á jí i pẹ̀lú ìjayà.

“Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì. Lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbàgbé láti ti ẹ̀rọ ilé ìwẹ̀, omi sì kán sí àjà ilé ìsàlẹ̀. Páálí 3 ló bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó farapa, iná ibẹ̀ kò bàjẹ́, mo sì ti ti omi. Fọ́tò 6 ń tẹ̀ lé e. Mo ti sọ fún kiatékà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ẹni tí ẹ fẹ́ kó wá tún un ṣe fún mi.”

“Kò sẹ́ni tó farapa” yẹn, má gbàgbé rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni tó jìnnà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó

Gbígbó kì í ṣe bíbàjẹ́. Ọ̀dà tó ṣá, ìgbátí ilẹ̀kùn tó dógùn-ún, ẹ̀rọ omi tí ọ̀já inú rẹ̀ jẹ tán, ilé ló ń gbó, owó ilé tí o ń san sì wà fún un. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 sọ pé kí ayálégbé tọ́jú ilé dáadáa, ṣùgbọ́n ó yọ ohun tó bá gbó nítorí lílò sílẹ̀. Òfin náà ló tún ní kí ayálégbé jẹ́ kí onílé mọ̀ ní kíákíá bí ìbàjẹ́ ńlá bá ṣẹlẹ̀, kó má sì yí ohunkóhun padà lára ilé láìgba àṣẹ tí a kọ sílẹ̀. Onílé ní tirẹ̀ ló ni àtúnṣe ìta ilé àti ibi tí gbogbo yín jọ ń lò, àyàfi bí àdéhùn yín bá sọ ohun mìíràn. Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà kò sí lábẹ́ òfin yìí, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ní tiwọn, nítorí náà àgírímẹ́ǹtì rẹ ni kí o kọ́kọ́ yọ wò.

Nítorí àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ yẹn, má sáré pe káfíńtà tìrẹ kó wá tún àjà ṣe lóru kí onílé tó mọ̀. Inú rere ni o fi ṣe é, ṣùgbọ́n bí páálí tuntun bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ìbàjẹ́ ti di méjì. Ní kí oníṣẹ́ méjì wá wò ó, ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan ti onílé, kí oníkálukú kọ iye tó máa gbà sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá kọ ₦60,000 fún páálí mẹ́ta, tí èkejì kọ ₦240,000 nítorí pé ó fẹ́ tú gbogbo àjà pálọ̀, o ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Páálí mẹ́ta ni omi bà jẹ́. Bí onílé bá fẹ́ lo àǹfààní yìí láti pààrọ̀ àjà tó ti pọ́n láti ìgbà ayé bàbá rẹ̀, kò burú, kó mú owó tirẹ̀ wá. O lè sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín: “Dádì, ẹ jẹ́ kí n ṣe mẹ́ta tí mo bà jẹ́, kí ẹ̀yin ṣe ìyókù, kó lè bára mu.”

Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Ìbejì wà láàárín ìwọ àti òun. Má jẹ́ kí wọ́n pò ó mọ́ ti onílé.

Owó kọ́ṣọ̀n ńkọ́? Ìdí tí wọ́n fi gbà á nìyí. Lábẹ́ òfin Èkó tí mo dárúkọ, onílé tàbí éjẹ́ǹtì tó bá gba owó yẹn gbọ́dọ̀ fún ọ ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìṣirò rẹ̀ lákọsílẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Èmi kì í fẹ́ kí wọ́n yọ àtúnṣe nínú rẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń gbé ilé, nítorí pé wọ́n máa ní kí n dí i padà, ìṣirò á sì dàrú. Ó sàn kí o san owó oníṣẹ́ tààrà, kí o gba rìsíìtì.

Bí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò tán, tí onílé ń bèèrè ohun tó ju ohun tó bàjẹ́ lọ, ìjọba Èkó ní ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí ìjà láìdé kóòtù, Citizens’ Mediation Centre, wọn kì í sì í gbowó. Má fi orúkọ ibẹ̀ halẹ̀ mọ́ onílé. Bó bá tó àkókò láti lọ, lọ, kí o kó fọ́tò àti àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ dání.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, pe onílé tàbí kiatékà kó wá wò ó kí káfíńtà tó kó irinṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ti gba owó tán kì í gbé fóònù. Ya fọ́tò mìíràn láti ibi tí o dúró sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fi í ránṣẹ́ sí onílé, kí ó rí “ẹ ṣeun” rẹ lábẹ́ rẹ̀. Kó rìsíìtì sínú fáìlì tí àgírímẹ́ǹtì wà, a óò tún ṣí i ní orí tó sọ̀rọ̀ nípa kíkó jáde. Bí omi ò bá sì sí láàárọ̀ ọ̀la, fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀rọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kí o tó ti ilẹ̀kùn.